Ìdí tí Ojú tí Onígìtá Béèsì Fi Ń Wo Gìtá Fi Ń Yí Padà: Ìdáhùn fún Òǹkàwé Kan ní Ìlú Oǹdó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ta gìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìlú Oǹdó. Olókùn mẹ́rin ni mo ń lò, mo sì ti ń tọ́jú owó láti ra olókùn mẹ́fà kan tó ń lo bátìrì, tí igi rẹ̀ ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi, tó máa ń ta orin jùjú, tí òun náà ti lo irú rẹ̀ rí, ní kí n má fi owó mi ṣòfò, pé olókùn mẹ́rin lásán ni òun padà sí. Àwọn àgbà tí mo bi ní Àkúrẹ́ náà sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń padà sí gìtá lásán lẹ́yìn tí wọ́n ti gbádùn èyí tó lẹ́wà? Ṣé òtítọ́ ni wọ́n ń sọ, àbí wọn kò fẹ́ kí àwa ọ̀dọ́ ní nǹkan tó dára?

Ìdáhùn: Arákùnrin, òtítọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ nípa irú orin tí òun ń ta ni, àti nípa ibi tó ti ń ta á. N kò rí ìlara níbẹ̀. Ohun tí mo ń rí lára àwọn onígìtá béèsì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, tí mo sì ń bá tún gìtá wọn ṣe, ni pé kì í ṣe ọgbọ́n nìkan ló ń yí ojú tí ènìyàn fi ń wo ohun èlò yìí padà. Iṣẹ́ tí ẹni náà ń rán gìtá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yí padà, èrò rẹ̀ a sì tẹ̀lé e. Nítorí náà, bí àgbà kan bá sọ fún yín pé gìtá báyìí ló dára, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń fi í ṣe. Ìdí tó bá sọ ni yóò wúlò fún yín. Ìdájọ́ tó ti dá fún ara rẹ̀ lè má kàn yín rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Inú yàrá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń ta gìtá lọ́pọ̀ ìgbà, òun nìkan, pẹ̀lú ámpù kékeré kan níwájú rẹ̀. Kò sí onídírọ́ọ̀mù, kò sí oníkíbọ́ọ̀dù, kò sí akọrin tó ń gbé ohùn sókè. Gbogbo ohun tí gìtá náà lè ṣe ló ń gbọ́, láti orí ìró ìsàlẹ̀ tó ń mi pátákó ibùsùn dé orí ìró tín-ín-rín tí ìka máa ń fà lára okùn tuntun. Gìtá tí ìró rẹ̀ bá kún yàrá ni yóò pè ní gìtá gidi, ìdí sì nìyí tí gìtá oníbátìrì fi máa ń wọ àwọn ọ̀dọ́ létí, nítorí ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú rẹ̀ lè fi kún ìró ìsàlẹ̀ àti ìró òkè kí ìró náà tó dé inú ámpù rárá. Ojú náà ní ipa tirẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí pé igi tó ń dán wù ú, torí gìtá tó bá wu ènìyàn ni yóò máa gbé lójoojúmọ́, gbígbé e lójoojúmọ́ sì ló ń kọ́ ìka níṣẹ́.

Ìyípadà àkọ́kọ́ sábà máa ń dé lọ́jọ́ tí ẹni náà bá gbọ́ ara rẹ̀ nínú orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ìsìn tàbí ní òde àríyá. Ìró tó kún yàrá ti pòórá. Ohun tó kù kò ju ariwo kan tó ń kùn lábẹ́ orin, tí ènìyàn kò lè tọ́ka sí ohùn kan pàtó nínú rẹ̀. Okùn E tó nípọn jù lórí gìtá olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn B tó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí olókùn márùn-ún àti olókùn mẹ́fà sì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31. Agbègbè ìsàlẹ̀ yìí náà ni ìlù ńlá tí onídírọ́ọ̀mù ń fi ẹsẹ̀ gbá wà, kò sì jìnnà sí ibi tí ọwọ́ òsì oníkíbọ́ọ̀dù máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí bí kò bá ní ìkóra-ẹni-níjàánu. (Mo mọ̀ pé àwọn oníkíbọ́ọ̀dù yóò ka èyí, n kò tọrọ gáfárà.) Yàtọ̀ sí ìyẹn, púpọ̀ nínú àwọn sípíkà tí à ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì kò lè gbé ìró tó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde dáadáa. Ohun tí etí ìjọ ń gbọ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé béèsì wà níbẹ̀ ni àwọn ìró tó gun orí ìró ìpìlẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń gbọ̀n ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ ló ń fi ìpìlẹ̀ tí sípíkà kò gbé jáde kún un fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi kún ìró ìsàlẹ̀ dé òpin, tó sì dín ìró àárín kù kí gìtá rẹ̀ lè dùn nínú yàrá, ohun tí ìjọ ì bá fi gbọ́ ọ gan-an ló dín kù.

Ẹni tí èyí bá yé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn gìtá tí kò dùn púpọ̀ nígbà tó bá dá wà, àmọ́ tí ìró àárín rẹ̀ le, tí ohùn kọ̀ọ̀kan sì dúró níbi tí wọ́n fi í sí. Ibí ni olókùn mẹ́rin lásán ti ń padà wọlé. Ọdún 1951 ni Leo Fender, tó ń ṣe gìtá, gbé Precision Bass jáde ní Amẹ́ríkà, gìtá tí kò ní ihò nínú, tí okùn rẹ̀ gùn tó íńṣì 34 láti orí ọrùn dé bírììjì (ibi tí okùn jókòó sí lára gìtá), tó sì ní fírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, kí ẹni tó ń ta á lè tẹ ohùn tó fẹ́ gan-an, èyí tó ṣòro lórí béèsì ńlá onígi tí wọ́n ń ta ní ìdúró. Ní 1957 ó yí píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ìró okùn, padà sí èyí tó pín sí ọ̀nà méjì. Jazz Bass tẹ̀lé e ní 1960, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín lápá òkè, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sì jẹ́ méjì. StingRay ti ilé iṣẹ́ Music Man, tó ń lo bátìrì, jáde ní 1976. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wo àwọn gìtá béèsì tó wà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù wa, tuntun tàbí tòkunbọ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ni ọ̀pọ̀ wọn ń fara wé, orúkọ yòówù kó wà lórí wọn.

James Jamerson, tó ta béèsì lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ilé iṣẹ́ Motown ní ìlú Detroit, lo Precision Bass tí wọ́n ṣe ní 1962, pẹ̀lú okùn nínípọn tí ara rẹ̀ tẹ́jú, kì í sì í fẹ́ pààrọ̀ okùn náà rárá. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń fà á. Ìró rẹ̀ kò dán, kì í sì í pẹ́ nílẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì fún ọwọ́ rẹ̀ láàyè láti rìn káàkiri inú orin láìda ẹnikẹ́ni láàmú. Gìtá tí ìró rẹ̀ bá ń dán, tó sì ń pẹ́, kì bá ti gba irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yín kò nílò láti dé Detroit kí ó tó kọ́ èyí, nígbà tó jẹ́ pé orin jùjú ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan náà, ìlú Oǹdó yín sì ni ìdílé ọba tí King Sunny Adé ti wá wà. Nínú irú orin tirẹ̀, gìtá bíi mélòó kan ń dá ara wọn lóhùn, gángan ń sọ̀rọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń lọ, akọrin ń gbe orin, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Gbólóhùn kúkúrú ni béèsì ń ta níbẹ̀, á tún un ta, á tún un ta, á sì máa fi àlàfo sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ìlù lè yọ. Ẹni tó bá ti ta irú rẹ̀ láti alẹ́ di ìdájí ní òde ìnáwó kò ní máa wá okùn kẹfà. Ohun tó ń wá ni gìtá tí kò wúwo jù léjìká, tí okùn rẹ̀ kò ga jù fún ìka tó ti rẹ̀, tí bọ́tìnì rẹ̀ kò sì pọ̀ débi pé ọwọ́ á ṣèèṣì yí ọ̀kan nínú òkùnkùn.

Àmọ́ n kò ní jẹ́ kí ẹ gbà pé ibi kan ṣoṣo ni ìrírí ń darí ènìyàn sí. Anthony Jackson, onígìtá béèsì ará Amẹ́ríkà, ti ta olókùn mẹ́rin dáadáa, ó rí i pé kò tó òun, ó sì ní kí Carl Thompson, tó ń ṣe gìtá, ṣe olókùn mẹ́fà fún òun, èyí tó jáde ní 1975. Èrò rẹ̀ ni pé ẹbí gìtá ni béèsì yìí, gìtá sì ní okùn mẹ́fà, nítorí náà kò sí ìdí tó fi yẹ kó dúró sórí mẹ́rin kìkì nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Jaco Pastorius, onígìtá béèsì mìíràn ní Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ ta Jazz Bass tí wọ́n ti yọ gbogbo fírẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrò. Ìrírí ló gbé àwọn méjèèjì dé ibi tí wọ́n dé, kò sì gbé wọn padà sí gìtá lásán tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tiyín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó gbé orin kì í bèèrè kíì lọ́wọ́ yín. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá bọ́ sí ló ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó máa wá a kiri. Bí ó bá bọ́ sí D tàbí E-flat, ohùn ìpìlẹ̀ orin náà tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò sí lórí olókùn mẹ́rin, nítorí E ni òpin rẹ̀. Ẹ ní láti gòkè lọ ta á, orin ọpẹ́ tó yẹ kó balẹ̀ nígbà tí ìjọ ń jó bọ̀ síwájú á wá dà bí ẹni pé kò ní ẹsẹ̀. Okùn B ló ń yanjú èyí. Nítorí náà, n kò ka olókùn márùn-ún sí àṣejù fún ẹni tó ń ta orin ìyìn òde òní, bí ẹ̀gbọ́n yín tilẹ̀ lè máa wò ó bẹ́ẹ̀ láti orí àga jùjú tirẹ̀. Ti olókùn mẹ́fà yàtọ̀. Okùn kẹfà, ìyẹn C, òkè ló wà, fún kọ́ọ̀dù (ohùn bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà) àti fún ìgbà tí béèsì bá fẹ́ dá kọrin. Ó ń béèrè ọrùn fífẹ̀, ìka òsì yóò máa rìn jìnnà, gbogbo okùn tí ẹ kò bá sì ta ní àkókò kan ni ẹ ní láti fi ọwọ́ dá lẹ́kun kí wọ́n má baà máa kùn. Ẹ bi ara yín léèrè pé orin wo, nínú èyí tí ẹ ta ní oṣù tó kọjá, ló béèrè fún un.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tí àwọn àgbà kì í sábà sọ, bẹ́ẹ̀ òun ni mo kà sí pàtàkì jù. Púpọ̀ nínú èrò tí à ń ní nípa gìtá jẹ́ èrò nípa okùn rẹ̀ àti nípa bí wọ́n ṣe tò ó. Ọ̀dọ́ á ní gìtá òun kò dára, á rà òmíràn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, á gbé ti àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ ibùsùn, á sì máa yà á lẹ́nu. Gìtá yẹn kò yí padà. Òun ló ti mọ ohun tó ń wò.

Ẹ gbé èyí tó wà lọ́wọ́ yín sórí itan bí ẹni fẹ́ ta á, kí ẹ sì kọ́kọ́ yí okùn kọ̀ọ̀kan sí ohùn rẹ̀. Ẹ fi ìka òsì tẹ okùn E mọ́ fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ okùn kan náà mọ́ fírẹ́ẹ̀tì tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá, kí ẹ wá wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti fírẹ́ẹ̀tì keje tàbí ìkẹjọ. Bí káàdì tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà fóònù sí bá lè gba ibẹ̀ kọjá, tó sì kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn náà wà ní ipò rẹ̀. Bí àlàfo náà bá gba owó ẹyọ, okùn ti fa ọrùn síwájú jù. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ọrùn ti tẹ̀ sẹ́yìn, okùn á sì máa kọlu fírẹ́ẹ̀tì. Irin gígùn kan wà nínú ọrùn tí wọ́n fi ń tún èyí ṣe. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa yí i lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì jẹ́ kí igi sinmi kí ó tó tún wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan okùn náà fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ ta á; ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ gan-an, kí ẹ tún un ta. Bí ohùn méjèèjì kò bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí okùn ti gbó, tàbí kí wọ́n ní láti sún ìjókòó okùn náà lórí bírììjì.

Ojú ọjọ́ wa kò sì fi gìtá lọ́rùn sílẹ̀. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, igi ń mu omi ní gbogbo àkókò òjò, ọyẹ́ á dé ní ìparí ọdún, á fa omi náà jáde. Ọrùn tó dára ní Oṣù Kẹsàn-án lè máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní, orí fírẹ́ẹ̀tì a sì yọ síta létí ọrùn, a máa ha ọwọ́. Tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilẹ̀ òtútù ń béèrè ìtọ́jú yìí ju àwọn yòókù lọ, nítorí kò tíì mọ afẹ́fẹ́ wa. Ẹni tó bá ra gìtá olówó ńlá nínú ọyẹ́ láìtún un tò, tó sì gbé e tà nínú òjò, tó ní irú gìtá bẹ́ẹ̀ kò dára, èrò rẹ̀ yóò lọ láti ẹnu dé ẹnu, yóò di ọgbọ́n àgbà.

Èyí ló jẹ́ kí n máa fi ìṣọ́ra gbọ́ ohun tí àwa tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ń sọ. Ní 2010, ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kó fáyólìn tuntun àti ti àtijọ́, tí èyí tí Stradivari, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ fáyólìn ará Ítálì ayé àtijọ́, ṣe wà lára wọn, fún àwọn ọ̀jáfáfá 21 láti ta nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi irú gíláàsì dúdú tí àwọn wẹ́dà ń lò bò wọ́n lójú. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù jẹ́ tuntun, èyí tí wọ́n fẹ́ràn kéré jù jẹ́ Stradivari, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ bóyá tuntun tàbí àtijọ́ ni èyí tí wọ́n yàn. Fáyólìn kì í ṣe béèsì, ṣùgbọ́n bí orúkọ àti iye owó bá lè darí etí irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa tiwa? Ọ̀rọ̀ etí gan-an tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdí etí lè máa sọ pé ìró òkè kò ṣe pàtàkì, kó sì jẹ́ pé kò gbọ́ ọ dáadáa mọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yìn tó ń dunni ṣe lè sọ gìtá fífúyẹ́ di gìtá tí ìró rẹ̀ dára jù.

Ní ti bátìrì, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Ọ̀pọ̀ gìtá oníbátìrì ń lo bátìrì tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóólùtì 9, ó sì ń jẹ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wáyà bá wà nínú gìtá, ẹ ta á o, ẹ kò ta á o. Ẹni tó bá fi wáyà sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti ìdánrawò ọjọ́ Sátidé lè bá òkú bátìrì pàdé ní àárín ìsìn. Ariwo kíkùn tún wà. Jẹnẹrétọ̀ àti iná tí wọn kò so mọ́ ilẹ̀ dáadáa máa ń mú kí píkọ́ọ̀pù tó ní ìwéyípo wáyà kan ṣoṣo máa kùn. Píkọ́ọ̀pù Precision ti 1957 ń pa ariwo yìí fúnra rẹ̀. Lórí Jazz Bass, ó sábà máa ń lọ bí ẹ bá ṣí méjèèjì dé ìwọ̀n kan náà. Mo rò pé ìdí tí ọ̀pọ̀ àgbà ìlú yìí fi fẹ́ràn Precision kò kọjá èyí, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa igi.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ má ra olókùn mẹ́fà báyìí. Ẹ kọ́kọ́ ná díẹ̀ nínú owó yín lórí okùn tuntun àti àtúntò fún gìtá tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ ta á fún oṣù kan, kí ẹ sì máa kọ kíì tí orin kọ̀ọ̀kan bọ́ sí sílẹ̀. Bí orin tó ń wá ohùn tó wà lábẹ́ E bá pọ̀, ẹ wá olókùn márùn-ún, tòkunbọ̀ tí ọrùn rẹ̀ tọ́ sì tó. Ẹ má dá nìkan dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tọrọ rẹ̀ fún ìdánrawò kan, kí ẹ ta á pẹ̀lú onídírọ́ọ̀mù yín nínú sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì yín, kí ẹnìkan fi fóònù gbà á sílẹ̀ láti ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Bí ohùn okùn B bá yé etí níbẹ̀, tí kì í ṣe kíkùn lásán, ẹ sanwó. Bí kò bá yé, ẹ kọ́kọ́ dín ìró ìsàlẹ̀ kù, kí ẹ fi kún ìró àárín, kí ẹ tún un gbà sílẹ̀ kí ẹ tó dá a padà. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín wá síbi ìdánrawò náà pẹ̀lú, kí ẹ sì má sọ iye rẹ̀ fún un títí yóò fi sọ ohun tó gbọ́.